Iná Tó Ń Tàn Nínú Ọkọ̀ Bàbá Bàrúwà

Ọjọ́ tí wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ Bàbá Bàrúwà láti ọ̀nà Ìlárá wọ ọgbà mẹkáníìkì wa, mo mọ̀ pé ìgbéyàwó àbúrò mi ni wọ́n ń fà bọ̀ yẹn. Mo wà nídìí tábìlì tí mo ti ń ta ọ́ìlì ọkọ̀. Mo rí okùn, mo rí Bàbá Bàrúwà fúnra rẹ̀ nídìí sítíáríǹ, ó lejú koko, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ẹni tó jókòó tì í ni Bàbá Ọláoyè, àgbẹ̀ Jọ́ga-Orílé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó dé etí gbogbo ayé. Mo ní, "Ó parí."

Orúkọ mi ni Mẹ̀dínátù. Ní Ayétòrò, lójú ọ̀nà tó lọ sí ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ mí, nítorí pé n kì í ta ayédèrú ọ́ìlì, n kì í sì í gba ìrẹ́jẹ. Ẹnu mi mú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti wá sọ fún mi. Husain àbúrò mi ló ni ọgbà mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn tábìlì mi. Àwa méjì péré ni òbí wa fi sílẹ̀ sáyé, èmi ni mo sì tọ́ ọ dàgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbá a létí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ló máa ń ta.

Asiyah, ọmọ Bàbá Bàrúwà, ni Husain fẹ́ fi ṣe aya. Mo ti wá àléébù lára ọmọbìnrin náà títí, n kò rí, mo sì ti fi í sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bàbá Bàrúwà jẹ́ oníṣòwò àtọjọ́mọ́jọ́. Ó ń ra gàárì àti èlùbọ́ ní Jọ́ga-Orílé, ó ń kó o lọ sí ọjà Ìlárá, ó sì ń ra ẹ̀wà àti ẹ̀pà bọ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wa ọkọ̀ òun. Nígbà tí mo lọ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà tó o létí, ó tẹ́tí sí mi dáadáa, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi mu, lẹ́yìn náà ló wá sọ tẹnu rẹ̀.

"Mẹ̀dínátù, mo gbọ́. Ìwà ọmọ náà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mú ọmọ mi lọ, mo fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ná. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi ti kú, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyí. Kó bá mi gbé òmíràn sí i. Bí ọkọ̀ náà bá gbé mi lọ tó sì gbé mi bọ̀ láìyọ mí lẹ́nu, ẹ wá ká jọ sọ̀rọ̀ ẹbí."

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò bù mọ́ ọn, kò bù kúrò. Inú mi dùn, nítorí pé bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ fi wọn àbúrò mi, wọ́n ti fún un ní ìyàwó nìyẹn.

Husain fúnra rẹ̀ ló lọ ra ẹ́ńjìnì náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀. Ọ̀nà Kútọnu ló gbà wọlé. Àwọn ará ọ̀hún ti fi ọ̀dà funfun kọ BON gàdàgbà sí i lára, ohun tí wọ́n máa ń kọ sí ẹ́ńjìnì tí wọ́n bá ti dán wò tó sì dáa. Mo jókòó, mo wò ó bó ṣe ń gbé òkú ẹ́ńjìnì jáde tó sì ń gbé alààyè wọlé. Ó fọ ibi tí yóò jókòó sí títí ó fi mọ́ tónítóní. Gbogbo nọ́ọ̀tì tó tú ló kó sínú agolo mílíìkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí èyí má baà lọ sílé èyí. Nígbà tó sì ṣáná sí i, ẹ́ńjìnì náà dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí obìnrin tó ń jọ̀ èlùbọ́. Kò sí iná kankan tó tàn níwájú awakọ̀. Bàbá Bàrúwà fi ọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú irú ìró tí n ó ró lọ́jọ́ ìtọrọ ìyàwó.

Ó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni iná tàn. Iná kékeré kan báyìí ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n, ó ya àwòrán ẹ́ńjìnì. Ṣẹ́ẹ̀kì-ẹ́ńjìnì ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ní oògùn rẹ̀: wọ́n á gé téèpù dúdú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú, wọ́n á ní ó ti lọ. Bàbá Bàrúwà kì í ṣe irú wọn. Ó rí iná náà, ó ní òun yóò yà sọ́dọ̀ Husain bí òun bá ti ọjà dé. Kò débẹ̀. Ní ìtòsí Ìlárá, ọkọ̀ náà kọ́kọ́ gbọ̀n, ó wú ikọ́ kan, ó kú. Wọ́n dúró títí ó fi tutù, ó jí. Wọ́n rìn díẹ̀, ó tún kú. Bàbá Ọláoyè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àpò gàárì rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe fi okùn fà wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, tí Bàbá Bàrúwà sì bọ́ sílẹ̀, tí kò sọ ju gbólóhùn kan lọ fún Husain.

"O rí i."

Ó gun ọ̀kadà lọ sílé.

Husain ní ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó máa ń tì í bọ ihò kan lábẹ́ sítíáríǹ, èsì á sì máa jáde lójú fóònù rẹ̀. Kóòdù ni wọ́n ń pe èsì náà, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin. Méjì ló jáde lọ́jọ́ náà. Èyí àkọ́kọ́ kò ṣòro: sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ nǹkan fún ọkọ̀, tó wà lára páìpù èéfín ni, ògbólógbòó tó ti wà lára ọkọ̀ náà tipẹ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó pa kóòdù rẹ̀ rẹ́, kò padà mọ́. Ìkejì ló wá yọ wá lẹ́nu. P0340 ni wọ́n ń kọ ọ́.

Mo ní, "Kí ló ń wí?"

"Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì lápá òkè, ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ń sọ fún bíréènì-bọ́ọ̀sì, ọpọlọ ọkọ̀, ìgbà tó yẹ kó tú epo àti ìgbà tó yẹ kó tan iná sí i. Ọpọlọ ní òun ò gbóhùn rẹ̀ mọ́."

"Sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ nìyẹn. Pààrọ̀ ẹ̀."

Ó mi orí. "Kóòdù kì í sọ ohun tó bàjẹ́. Ibi tó ń dun ọkọ̀ ló ń sọ. Bí ọmọ bá di ikùn mú tó ń sunkún, ṣé ẹ mọ̀ bóyá ebi ni tàbí aràn?"

Mo ní kó má fi òwe mẹkáníìkì yọ mí lẹ́nu, kó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, iná sì kú. Mo wò ó tìyangàn-tìyangàn. Ó wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà Ìlaròó, ó padà dé, ó sì sọ kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì mi. Nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná ni iná náà tún tàn.

Nǹkan tó wá kù tó lè fà á ni táímíǹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí bó ṣe yé mi. Nínú ẹ́ńjìnì, àwọn irin kan wà tó gbọ́dọ̀ máa yí pọ̀ bí àwọn tó ń gún iyán nínú odó kan: bí ọmọrí odó èyí bá lọ sókè, ti èkejì á wà nílẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá fi eyín kan péré yẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń tò ó, ọpọlọ ọkọ̀ á máa gbọ́ ohùn méjì tó takora. Bó bá jẹ́ ìyẹn, ẹ̀bi Husain ni, kò sí àlàyé. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ó tú gbogbo iwájú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀, ó fi àkísà nu àmì tí wọ́n fi ń to àwọn irin náà, ó pè mí kí n wá wò ó bíi pé ojú òun ń tan òun. Àmì òkè wà lójú àmì rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ wà lójú tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ pé. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ṣe ló jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣì í ni, ǹ bá tún un ṣe. Kí ni mo fẹ́ tún ṣe báyìí?"

Ó pe Nathaniel, rẹwáyà tó máa ń bá wa ṣe iṣẹ́ iná. Nathaniel jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ọmọ ìjọ tó ń kọ orin lábẹ́ ọkọ̀. Ó fi mítà rẹ̀ wọn wáyà náà láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ ọkọ̀ títí dé ẹnu sókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ki sẹ́ńsọ̀ bọlé. Ó ní kò já, kò lanu. Ó dì í padà, iná kú. Wọ́n wà á lọ wà á bọ̀, iná tàn. Nathaniel ní kí a fi lé Olúwa lọ́wọ́. Mo ní Olúwa kọ́ ni yóò fẹ́ Asiyah.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wá di ti ìta. Àwọn èèyàn ń tú ká lẹ́yìn ìrun, ẹnì kan sì bi Bàbá Bàrúwà pé ọkọ̀ rẹ̀ dà. Ó dáhùn lójú gbogbo èèyàn pé, "Ẹ́ńjìnì aláìsàn ni ọmọ yẹn gbé sínú ọkọ̀ mi." Mo wà lára àwọn obìnrin tó ń wọ bàtà. Mo fẹ́ dáhùn, ahọ́n mi ti dìde, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí ni, mo gbé èébú náà mì, ó sì dúró sí mi láyà bí òkèlè iyán tí a kò fi ọbẹ̀ sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń to èébú jọ. Gbogbo èyí tó dára jù ni mo tọ́jú dè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo ń gbá iwájú tábìlì mi nígbà tí mo rí èèrà. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n gba orí táyà ọkọ̀ Bàbá Bàrúwà gòkè, wọ́n wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo dúró, mo fi ọwọ́ lẹ́rán. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta ọ́ìlì, n kò rí èèrà tó wá rà á rí.

"Husain! Kí ni èèrà ń wá nínú ẹ́ńjìnì?"

Ó ní kí n jẹ́ kí òun fọ ẹnu tán. Mo ní kó wá kó tó fọ ọ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a jọ tẹ̀ lé èèrà. Wọn kò yà síbì kan, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì lápá òkè ni wọ́n ń lọ, lábẹ́ sókẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ náà gan-an. Nǹkan kan ti ṣàn síbẹ̀, ó ti gbẹ, ó sì ń dán. Husain fi ìka kàn án, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fà sókẹ́ẹ̀tì náà yọ. Nígbà gbogbo tí wọ́n ti ń fà á yọ, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń wò, tàbí wáyà. Kò sẹ́ni tó yọjú wo inú ihò sókẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí pé ó ṣókùnkùn, ó sì há. Ó tan iná fóònù sí i. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti dógùn-ún, wọ́n ti ní àwọ̀ ewé, nǹkan funfun kan sì ti gbá mọ́ wọn ní ẹ̀gbẹ́. Ó fi abẹ́rẹ́ họ díẹ̀ nínú funfun náà, ó wò ó, ó sì fi kan ahọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "iyọ̀ ni."

Mo fi ìka tèmi kan ibi tó ń lẹ̀ yẹn, mo lá a. Oyin ni.

A wo ara wa. Oyin àti iyọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí, ìbáà ṣe onígbàgbọ́, ìbáà ṣe ẹni tó ń sin òrìṣà ilé bàbá rẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni oyin, iyọ̀ àti omi ti máa ń pàdé ní òwúrọ̀. Bí ọmọ bá pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n á fi kàn án lẹ́nu, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á sì pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú.

"Husain, wọ́n ti sọ ẹ́ńjìnì lórúkọ!"

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ro bí omi iyọ̀ ṣe rọra yọ́ wọ inú sókẹ́ẹ̀tì, bó ṣe ń jẹ irin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fà á yọ tí wọ́n sì ki í bọlé, irin á ha ara wọn mọ́, ọpọlọ ọkọ̀ á tún gbóhùn, tó bá sì gbóná, á dití padà. Ohun tó tan àwọn jẹ nìyẹn.

Asiyah gbé oúnjẹ àárọ̀ wá fún un lọ́jọ́ náà. Kò tíì sọ abọ́ kalẹ̀ tí mo fi bi í. Ọmọ náà kò mọ irọ́ pa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dúró bẹ́ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"Èmi ni mo gbé oyin fún wọn, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá ní àlejò ni ẹ́ńjìnì náà, pé kò mọ ilẹ̀ wa, kò mọ ẹni tó ń gbé. Wọ́n ní méjì ti kú mọ́ àwọn lọ́wọ́ ṣáájú, àwọn ò fẹ́ kí ìkẹta kú. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ẹnu rẹ̀ títí, wọn ò rí i, wọ́n bá dà á sí ẹ̀yìn níbẹ̀. Málọmọ́ ni wọ́n sọ ọ́."

Màá sọ òótọ́: ẹ̀rín mi dúró níbẹ̀. Mo rí bàbá arúgbó náà lọ́kàn mi, òun nìkan níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, tó ń bẹ irin pé kó má lọ mọ́. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọkọ̀ yẹn ló kù tó ń gbé e jáde láàárín èèyàn. Ṣùgbọ́n àánú náà kò pẹ́ lára mi. Mo rántí mọ́ṣáláṣí.

"Ó dáa," mo ní. "Iyọ̀ tirẹ̀ ló ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Husain, wọ bàtà ẹ. Ibi tó ti bà ọ́ lórúkọ jẹ́ la ó ti tún un ṣe."

Asiyah di etí aṣọ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Bí ojú bá ti Bàbá láàárín èèyàn, wọn ò ní jẹ́ kí n fẹ́ ẹ láyé. Ẹ mọ̀ wọ́n."

"Bí a bá sì dákẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ni wọn yóò wò. Tí wọ́n bá ṣì gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kò dáa, ṣé wọn yóò jẹ́ kóo fẹ́ ẹ ni?"

Bí Husain bá gba ẹ̀bi, ó ti jẹ́ mẹkáníìkì burúkú. Bó bá sọ òótọ́, ó ti jẹ́ ẹni tó dójú ti àna rẹ̀. Mo wo ẹnu ọ̀nà méjèèjì, kò sí èyí tí ìyàwó lè gbà wọlé.

Husain kò bá wa dá sí i. Ó gé sókẹ́ẹ̀tì náà kúrò. Nathaniel wá, ó so òmíràn tó mọ́ mọ́ wáyà náà, ó dì í dáadáa. Husain fọ gbogbo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ó lé èèrà lọ, ó pa kóòdù rẹ́. Àwọn méjèèjì wa ọkọ̀ náà lọ sí Jọ́ga-Orílé, wọ́n wà á títí ẹ́ńjìnì fi gbóná dáadáa, wọ́n sì padà dé. Iná kò tàn. Ó tún ti ẹ̀rọ rẹ̀ bọ abẹ́ sítíáríǹ, kò sí kóòdù kankan.

Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Mi ò ní parọ́ fún wọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Mi ò sì ní pariwo òótọ́ lé wọn lórí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá sí i. Ẹ bá mi jókòó ni."

Mo fẹ́ bú òun náà, ṣùgbọ́n ó ti ránṣẹ́ sí Bàbá Bàrúwà pé ọkọ̀ ti dáa.

Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọlọ́kadà ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ̀ láti ọgbà ẹ̀kọ́. Bàbá Bàrúwà nìkan kọ́ ló wá. Ó mú Bàbá Ọláoyè dání, mo sì mọ̀ pé ohunkóhun tí a bá sọ níbẹ̀, Jọ́ga-Orílé ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo gbé àga fún wọn, Bàbá Ọláoyè jókòó, Bàbá Bàrúwà dúró. Nathaniel wà lábẹ́ ọkọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti dá orin dúró.

"Wọ́n ní ó ti dáa," Bàbá Bàrúwà wí.

"Ó ti dáa, Bàbá," Husain dáhùn, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde.

"Kí ló ṣe é?"

Bàbá Ọláoyè na ọrùn. Èmi náà na tèmi. Husain nu ọwọ́ rẹ̀ lára àkísà.

"Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín níbi ọkọ̀, Bàbá. Èmi àti ẹ̀yin."

Wọ́n lọ síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá Ọláoyè fẹ́ dìde, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi tútù díẹ̀, mo sì ti ike omi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ibi tí mo wà kò jìnnà sí wọn; etí mi sì mú ju ẹnu mi lọ. Husain yọ sókẹ́ẹ̀tì tó gé náà láti inú àpò, ó fi lé bàbá lọ́wọ́, ó tan iná sí i.

"Ẹ́ńjìnì yín kò ṣàìsàn, Bàbá. Ibi tó fi ń gbọ́ràn nìyí. Nǹkan kan ló wọ̀ ọ́."

Bàbá arúgbó náà gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó fi èékánná họ ọ́. Mo rí i tó fi kan ẹnu, mo sì rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀ lẹ́nu, tí kò sọ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti kéré nígbà tó béèrè.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Àwọn tó wà nínú ọgbà yìí, Bàbá. A ò sọ ọ́ síta."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀."

Bàbá Bàrúwà bojú wo ẹ̀yìn, ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Àdúrà ni mo ń ṣe," ó wí. "Àdúrà ló bà á jẹ́ nìyẹn?"

"Àdúrà kò ba nǹkan kan jẹ́, Bàbá," Husain ní. "Omi ló bà á jẹ́. Irin kò ní ẹnu, etí ló ní. Bí ẹ bá tún fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ kàn pè é lórúkọ, yóò gbọ́."

Láti orí àga, Bàbá Ọláoyè ti mu omi tán, ó ké sí wọn pé, "Bàrúwà! Kí ni wọ́n ní ó ṣe é? Àbí ẹ́ńjìnì Kútọnu yẹn náà ni?"

Husain tẹ orí ba, ó ń ṣẹ́ àkísà ọwọ́ rẹ̀ po. Mo rí i kedere pé bí bàbá yìí bá sọ pé ẹ́ńjìnì ni, tàbí pé mẹkáníìkì ni, kò ní jiyàn. Ó ti fi gbogbo rẹ̀ lé bàbá lọ́wọ́, ìyàwó àti orúkọ rẹ̀. Mo dìde. Gbogbo èébú tí mo ti tò ló dé ẹnu mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Bàrúwà yára jù mí lọ. Ó di sókẹ́ẹ̀tì náà mú lọ́wọ́, ó rìn wá sí àárín ọgbà, ó gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kadà tó ń ra ọ́ìlì lọ́wọ́ mi yíjú.

"Ọláoyè, èmi ni. Mo da omi iyọ̀ sí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo wá dúró ní ẹnu mọ́ṣáláṣí, mo fi bú ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Sọ ọ́ ní Jọ́ga bí o bá délé, èmi náà yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ níbi tí mo ti sọ ti àkọ́kọ́."

Bàbá Ọláoyè la ẹnu, kò rí nǹkan fi sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí irú rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Bàrúwà wá yíjú sí mi. "Mẹ̀dínátù."

"Bàbá."

"Àwọn wo ni yóò tẹ̀ lé ọ wá sílé mi?"

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń béèrè. Nígbà tó yé mi, mo wá àwọn ẹbí wa lọ́kàn, mo wá bàbá, mo wá ìyá, n kò rí ẹnì kan.

"Kò sí ẹlòmíràn, Bàbá," mo ní. "Èmi nìkan ni."

Ó ronú díẹ̀. "Èmi yóò bẹ Ọláoyè kó wà lẹ́yìn tiyín lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan kì í dá nìkan wá tọrọ ọmọ."

Mo wá èébú mi, n kò rí ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, omi ń bọ́ lójú mi, ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju "Ẹ ṣé, Bàbá" lọ, mo sì ń wí i ní àwítúnwí. Nígbà tí mo gbójú sókè, Husain ti kó orí sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nọ́ọ̀tì tó sọnù. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Mo mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe máa ń rí bó bá ń sunkún.